Jíìpù Oníbátìrì Tí Ìyá Àgbà Kọ̀ Láti Wọ̀

Jámíù ọmọ mi, Àkànní mi,

Àlàáfíà fún ọ. Ilé kí ọ, agbo ilé kí ọ, Ìyá Àgbà kí ọ títí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù, kí o má baà máa wá a kiri inú lẹ́tà: kò sí ohun tó ṣe ìdí Ìyá Àgbà. Dókítà ti ya fọ́tò egungun rẹ̀. Irin tí wọ́n fi rọ́pò egungun ìdí rẹ̀ wà níbi tí wọ́n fi sí, kò yẹ̀ rárá. Ara mi ti balẹ̀. Mo ti jẹun, mo ti sùn. Ìyẹn ni mo fi lè jókòó kọ̀wé sí ọ láìbínú.

O lè ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo pè ọ́ ná. O ní, "Màmi, mo wà ní mítìn, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é gé sí wẹ́wẹ́ láàárín mítìn, nítorí náà mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kà á tán kí o tó lọ ra ohunkóhun.

Iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ ní Àbújá yìí, inú mi dùn sí i, ó sì ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Wọ́n ní ìwọ ni yóò yan àwọn jíìpù oníbátìrì tí ilé-iṣẹ́ yín yóò fi máa gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, tí wọn yóò sì fi máa gbé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún padà sílé. Ìwọ tí o yan jíìpù fún ilé wa! Má bínú, ọmọ mi, bó ṣe rí ni mò ń sọ. Jíìpù kan ṣoṣo lo yàn fún wa, díẹ̀ ló kù kó sọ Ìyá Àgbà di ẹni tí kò ní rìn mọ́. Ní Àbújá níbẹ̀, ìyá oníìyá ni yóò jókòó sínú rẹ̀, wọn ò sì ní lè fi ẹjọ́ rẹ sùn mí.

Rántí ọjọ́ tí o gbé ọkọ̀ náà wọlé. Gbogbo ilé jáde. Ó funfun, ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò sì pariwo. Àwọn ọmọdé ní ó ń rìn bí ológbò. O mọ àṣà ilé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìdí kan ìjókòó ọkọ̀ tuntun ṣáájú ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé yípo, òun ni yóò wúre sí i. O ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Ìyá Àgbà, lápá ọ̀tún, níbi tí ẹni ńlá ń jókòó. Ìwọ wakọ̀, èmi jókòó tì ọ́ níwájú. A gba Ìdúmọ̀tà, a já sí Marina, a yípo ní CMS, a padà wálé.

O bojú wẹ̀yìn, o ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ó dára?"

Ó ní, "Ó dára, ọkọ mi. Ó dára púpọ̀púpọ̀. Ọkọ̀ ọba ni. Kò ní mu ẹ̀jẹ̀, kò ní já ọ sílẹ̀ lọ́nà."

Àwa méjèèjì ṣe àmín. Kò sẹ́ni nínú wa tó wo ojú ìyá náà.

O lọ sí Àbújá. Mo ṣètò ohun gbogbo bí mo ṣe máa ń ṣètò: Wásíù awakọ̀ yóò máa gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdánrawò kọ́ ìyá láti fi ìdí tuntun yẹn rìn. Ọjọ́ kìíní pé, ó ní oòrùn ti mú jù. Ìgbà kejì, ó ní òjò ń ṣú. Mo yọjú lójú fèrèsé, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní òun gbààwẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ààwẹ̀ kí ni? Ṣebí Rámádàánì ti lọ."

Ó ní, "Mò ń san gbèsè ààwẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin tí mo bá ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu yín láàárọ̀ yìí?"

"Àbẹ̀kẹ́, fi mí sílẹ̀ o. Ìwọ náà a máa kánjú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ti ọjà mọ́ lójú."

Mo kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn pè, wọ́n ní bí kò bá tètè padà wá, ẹsẹ̀ náà yóò gan, kò sì ní ṣe é nà mọ́. Ìyá tí ń tẹ̀pá rìn dé ẹnu géètì tẹ́lẹ̀ kò wá ju ẹnu yàrá lọ mọ́. Jámíù, mo ti rí i rí nínú ilé yìí: àgbà á kọ́kọ́ kọ ìta, á kọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, á wá kọ oúnjẹ. Mo rò pé ibẹ̀ la ń lọ. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fi ìbínú bo ẹ̀rù náà. O mọ̀ mí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, sùúrù mi tán. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní lónìí a máa lọ, bó bá gba ká gbé e. Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí ọkọ̀. Ó gbá etí ilẹ̀kùn mú.

"Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ọkọ̀ yìí tún gbé mi."

"Kí ló ṣe yín?"

"Ó ń lù mí."

"Ọkọ̀ ló ń lù yín?"

"Gbogbo kòtò tó bá bọ́ sí, ìdí mi ló fi ń gbà á. Lọ́jọ́ tí Jámíù gbé mi yípo yẹn, bí mo ṣe ń wúre lẹ́nu ni mò ń payín keke."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò dàgbà sínú agbo ilé yìí. "Kí n sọ kí ni? Ọkọ̀ tuntun! Ọmọ ra ọkọ̀, ó ní kí n wúre sí i, kí n wá la ẹnu pé kò dára? Ọ̀rọ̀ tí àgbà bá sọ sí ohun tuntun, ṣé kì í lẹ̀ mọ́ ọn ni?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ èmi gan-an. A ti fi àṣà wa ti ìyá náà mọ́ inú yàrá, àwa kan náà la tún ń bá a jà pé kò jáde.

Mo mú un padà sórí àga rẹ̀, mo ní kí Wásíù gbé èmi nìkan. Mo ti fẹ́ wọ iwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo bá yípadà, mo lọ jókòó sẹ́yìn, ibi tí ìyá jókòó sí gan-an. Wásíù wò mí nínú dígí.

"Màdáámù, ẹ di bẹ́líìtì yín o. Ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ iwájú."

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí, mà. Kí n ní ọkọ̀ tuntun ń gbá èèyàn? Ẹ ó ní Wásíù ń jowú ọ̀gá kékeré."

A ò tíì kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó fi yé mi. Orí kọnkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà, gbàgà! Bọ́ǹpù iwájú mọ́sálásí, gbàgà! Etí títì tó ti jẹ ní Ìdúmọ̀tà, ọrùn mi fò bí ti adìyẹ. Níwájú, ìró lásán ni mo máa ń gbọ́. Lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ni. Ìdí tí Ọlọ́run dá ni mo fi jókòó, ẹran sì wà lára rẹ̀ dáadáa, síbẹ̀ ó dùn mí. Ti ìyá, irin ni.

Aládùúgbò wa kan ní ọkọ̀ kékeré àtijọ́ tó ti gbó débi pé ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí. Òun la yá. Ìyá wọ̀ ọ́ láìjanpata. Kí a tó dé Marina, ó ti ń sùn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

Wọ́n ya fọ́tò egungun náà, dókítà gbé e wò. Obìnrin náà wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, ó ní, "Kò sí ohun tó yẹ̀, mà. Ẹran ara ló ń dùn wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan máa já wọn lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì padà sẹ́nu ìdánrawò wọn." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo bú sẹ́rìn-ín, mi ò lè dá a dúró. Ìyá ń bi nọ́ọ̀sì pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?"

Ọjọ́ Mọ́ńdè ò bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà nílẹ̀. Àwọn ríìmù tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tó kéré díẹ̀, tí táyà wọn sì nípọn, wà lábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí o kó wọn sí. O tú wọn kúrò, o fi ríìmù gbàǹgbà pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ rọ́pò, kí ọkọ̀ lè dùn ún wò nínú fọ́tò. Mo ní kí wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà. O sì ti ní kí Wásíù máa fún táyà ní atẹ́gùn títí yóò fi le gbagidi, kí bátìrì lè gbé e jìnnà. Mo ní kí wọ́n dín in sí iye tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Mo tún jókòó sẹ́yìn, a gba ọ̀nà kan náà. Kọnkéré gọ́tà ṣì wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé a gorí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lù mí mọ́. Ó kàn kí mi ni.

Ó ku ibi tí ìyá yóò jókòó. Iwájú rọrùn ju ẹ̀yìn lọ, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ìyá ní láéláé. "Ṣé èmi ni kọ̀ńdọ́, tí n ó fi jókòó ti dírẹ́bà?" Mo gbìyànjú títí, mo wá ní, "Ẹ̀yìn yẹn, dígí rẹ̀ dúdú, kò sẹ́ni tó ń rí yín níbẹ̀. Bí ẹ bá jókòó síwájú, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ni yóò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń kọjá." Ó ní kí wọ́n bá òun mú gèlè òun tó dára wá.

Jámíù, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní tiwa, kòtò náà ò lóǹkà.

Èkínní: jókòó sẹ́yìn. Má ra ọkọ̀ tí o kò tíì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ rí kòtò kó tó bọ́ sí i, ó ti di sítíárì mú, ara rẹ̀ ti múra. Ẹni ẹ̀yìn ò rí nǹkan kan. Má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ gbé ọ gba títì tó dán bí àwo tánganran. Ìwọ ni kí o mú un gba ojú ọ̀nà tí aláìsàn rẹ yóò gbà, pẹ̀lú bọ́ǹpù rẹ̀ àti gọ́tà rẹ̀. Bó bá ní òun ò ráyè, ìwọ náà ò ráyè ra tirẹ̀.

Èkejì: líle kì í ṣe agbára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé ìṣòwò tán, tí mo rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀, mo gba bọ́ọ̀sì akẹ́rù tí bàbá mi fi ń pín àwo láti Ìdúmọ̀tà. Mo ní ó ń fi àkókò ṣòfò, kí ó máa kó ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí wọ́n fi irin kún sípíríǹgì rẹ̀, kó má tẹ̀ mọ́. Kò tẹ̀ mọ́ lóòótọ́. A dé ọ̀dọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́, ó ṣí páálí, ó ní, "Àǹtí, ṣé àwo lẹ kó wá ni àbí òkúta wẹ́wẹ́?" Bàbá mi ò pariwo. Ó ní, "Ọkọ̀ rẹ ò fọ́. Ẹrù ló fọ́. Èwo nínú méjèèjì lò ń tà?" Bí wọ́n bá ti ń ṣàlàyé agbára ọkọ̀ kan fún ọ, bi ara rẹ ní ìbéèrè yẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Mo mọ̀ pé jíìpù oníbátìrì ní ìdí tó fi ń le. Bátìrì wúwo, abẹ́ ẹsẹ̀ wa ló sì wà. Bí wọn ò bá mú sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù le díẹ̀, ọkọ̀ yóò máa fì ní kọ́nà. Ó dára. Ṣùgbọ́n rọ́bà táyà ni tìmùtìmù àkọ́kọ́. Ọkọ̀ tó ti le láti ìpìlẹ̀, tí o wá bọ́ tìmùtìmù rẹ̀ kúrò nítorí ẹwà, tí o tún fi atẹ́gùn sọ ìyókù di igi, kí lo fẹ́ kí àgbàlagbà jókòó lé? Má sì sáré ra táyà tó nípọn lásán. Bi wọ́n bóyá ó lè gbé ìwúwo bátìrì. Atẹ́gùn pẹ̀lú: bó bá kéré ju bó ṣe yẹ, táyà yóò gbóná, ríìmù yóò sì fọ́ nínú kòtò. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni kí o tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fọkanáísà, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́.

Síbẹ̀, má tìtorí ọ̀rọ̀ mi sá lọ bá èyí tó rọ̀ jù. Mo lọ gbé òmíràn wò ní Victoria Island. Áà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ! Kí a tó dé oríta, ó ń fì bí ọkọ̀ ojú omi, èébì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi. Aláìsàn ò nílò ìyẹn. Èyí tó dára, bó bá kọjá lórí bọ́ǹpù, yóò wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò dìde lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró. Bó bá ń mì lẹ́yìn náà, fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Má gba ohun tí wọ́n kọ sójú tẹlifíṣàn ọkọ̀ gbọ́ láìdán an wò. O tẹ ibi tí wọ́n kọ ìtura sí, ọkàn rẹ balẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ àwọn yòókù, lórí bọ́ǹpù kan náà: sítíárì nìkan ló ń fúyẹ́, sípíríǹgì ò gbọ́ nǹkan kan. Lára ọkọ̀ mìíràn ó máa ń kan ṣọ́ọ̀kù. Lára tiwa, kò kàn án. Ohun kan wà níbẹ̀ tó wúlò ṣá o. Bí awakọ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tí ń mú ọkọ̀ sáré, ọkọ̀ náà máa ń fúnra rẹ̀ dín eré kù kí bátìrì lè rí iná jẹ, gbogbo èrò á sì máa mi orí bí alángbá. Dín in kù lójú tẹlifíṣàn náà. Kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ láti máa gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ lójú mi kò sí lára ọkọ̀ rárá. Má bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ó dára?" Ta ni nínú àwa Yorùbá tí yóò dojú kọ ohun tuntun ọmọ ọlọ́mọ, tí yóò ní kò dára? Àdúrà ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn, ìwọ yóò sì kọ àdúrà sílẹ̀ bí ẹni pé ó jẹ́ àbọ̀ iṣẹ́. Bi wọ́n pé, "Níbo ló ti dùn yín?" Bi wọ́n pé, "Bí a bá ní ká pààrọ̀ ohun kan, kí ni ká pààrọ̀?" Má bi wọ́n lọ́jọ́ ìkíni oríire, jẹ́ kí ọkọ̀ náà di ọkọ̀ lásán ná. Jẹ́ kí àwọn awakọ̀ mọ̀ pé o kò ní ka òtítọ́ sí ìlara. Kí o sì máa wo ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó bá gbá ìjókòó iwájú mú ti sọ̀rọ̀.

Ìwọ náà, bí ohun tí mo bá ń ṣe bá ń lù ọ́, sọ fún mi. Mo mọ̀ pé mi ò rọrùn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ọmọ tí yóò máa ṣe àmín, tí yóò sì máa payín.

Jẹun. Mítìn kì í ṣe oúnjẹ. Kí Ọlọ́run fi ọ́ ṣe ìtura fún àwọn tí wọn yóò gbé lé ọ lọ́wọ́.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé kí fóònù tó dún. Ìyá Àgbà ni. Láàárọ̀ yìí, Wásíù gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo ti ṣètò pé kí wọ́n padà kí oòrùn tó rọlẹ̀.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, má retí wa lónìí. Àbúrò mi ní kí n sùn. A fẹ́ tún yà sí etí ọ̀sà, ká lọ ra ẹja."

Mo ní, "Ṣé ara ò ro yín?"

"Ara wo? Mo rìn dé ẹ̀yìnkùlé wọn lọ wo àgbọn tí mo gbìn."

"Ọkọ̀ náà ń kọ́, Ìyá?"

Ó ní, "Ọkọ̀ wo?"

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràlíátù Àbẹ̀kẹ́